Títún lọ́rì sọ́jà àtijọ́ ṣe fún ìpàtẹ n'Íbàdàn

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ pinnu ohun kan: ṣé lọ́rì yìí máa rìn ni, àbí ojú kan ni yóò dúró sí? Ìnáwó méjèèjì ò jọra rárá. Èyí tó máa rìn ń fẹ́ bíréèkì tuntun, táyà tuntun, àti ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá. Èyí tó máa dúró síwájú ilé-ìwé, òtẹ́ẹ̀lì tàbí àgbàlá mùsíọ́ọ̀mù ò nílò ìdajì ìyẹn. Ohun tó nílò ni pé kí omi má ríbi sápamọ́ sí lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́rì ìpàtẹ ló ń dán lókè nígbà tí inú rẹ̀ ti ń jẹrà, torí ọ̀dà ni wọ́n náwó lé, wọn ò bá omi dé ibi tó ń gbà wọlé. Nítorí náà omi la máa bá jà jù nínú ìlànà yìí.

Irú ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín ló máa sọ ibi tí owó ń gbà lọ. Mercedes 911 ló rọrùn jù. OM352 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, oní-sílíńdà 6, lítà 5.7, irú rẹ̀ ló sì wà nínú àwọn lọ́rì tó ń kó gẹdú kiri. Gáàsìkẹ́ẹ̀tì, ínjẹ́ktọ̀ àti páńpù omi rẹ̀ ò ṣòro í rí lọ́jà sípéè pátì ní Gate. Unimog U1300L ń lo ẹ́ńjìnnì kan náà. Bedford ni wàhálà. Bedford RL, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1953, pẹtiróòlù ló ń jẹ, lítà 4.9, inú kábíìnì gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, láàárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Ẹ má retí rọ́bà gíláàsì tàbí ìdí bíréèkì rẹ̀ ní Gate. Òkè òkun lẹ ó ti béèrè rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé èyí tó ti bàjẹ́ lọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, kó ṣe irú rẹ̀. Ti Land Rover, ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, ṣáásì rẹ̀ jẹ́ irin. Leyland to Land Rover jọ ní Ìbàdàn níbí nígbà kan, ẹ lè ṣì rí mẹkáníìkì àgbà tó mọ ọ̀nà inú rẹ̀ dunjú.

Ìwé ló tẹ̀ lé e. Ẹ rí i pé ìwé gbàǹjo wà lọ́wọ́, kí nọ́ńbà ṣáásì tó wà nínú rẹ̀ sì bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin mu. Ọ̀dọ̀ 2 Division ti àwọn ọmọ ogun ilẹ̀, ní Odogbo lọ́nà Ọ̀jọ́ọ̀, ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí kí ẹ tó kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ológun. Ẹ má fi nọ́ńbà sọ́jà tòótọ́ tàbí àmì ẹ̀ka tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e gba títì, orí tírélà pẹlẹbẹ ni kó wà, kí ìwé wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Bí sọ́jà bá dá a dúró ní Mọ́kọ́lá, àlàyé ẹnu nìkan ò ní tó.

Ohun tó lè pa èèyàn nínú lọ́rì àtijọ́

Ẹ yẹ abẹ́ àga, àpótí irinṣẹ́ àti ẹ̀yìn pákó wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó gbọn ohunkóhun dànù. Bí ẹ bá rí ọta ìbọn tàbí ohun kan tẹ́ ò mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kó gbogbo èèyàn kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe àwọn ológun.

Ọ̀dà àtijọ́ ń ní òjé nínú, lẹ́ẹ̀dì tí à ń sọ. Bíréèkì àtijọ́ àti gáàsìkẹ́ẹ̀tì kan ń ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ẹ má fi kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú bíréèkì, ẹ má sì ha ọ̀dà ní gbígbẹ. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí àkísà náà wọnú ọ̀rá kí ẹ sì dì í. Bí àwọn nọ́ńbà inú dáṣíbọ́ọ̀dù bá jẹ́ irú àtijọ́ tó máa ń tàn lókùnkùn, ó ṣeé ṣe kí rédíọ́ọ̀mù wà nínú ọ̀dà wọn, pàápàá lára ọkọ̀ tó ti wà ṣáájú ọdún 1970. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣí gíláàsì wọn.

Táyà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Ríìmù lọ́rì àtijọ́ kì í jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, òrùka irin ló di táyà mú sí i. Àwọn ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì kan sì ní ríìmù alábala méjì tí bóòtù so pọ̀, wọ́n a máa kun nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ní pupa. Èyí tó pupa yẹn kì í ṣe nọ́ọ̀tì tó di ẹsẹ̀ mú: òun ló so ríìmù pọ̀. Ẹni tó bá tú u nígbà tí atẹ́gùn ṣì wà nínú táyà, ríìmù yóò fò lù ú. Bó ti wù kí táyà rọ̀ tó, ẹ yọ inú fáàfù rẹ̀ pátápátá, kí ẹ ti wáyà tín-ín-rín bọ ihò náà kó dá yín lójú pé ìpẹtà ò dí i, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Nígbà tí fọkanáísà bá fẹ́ fún un padà, inú àgò irin ni kí táyà wà, kí okùn atẹ́gùn gùn tó mítà 3, kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú òrùka. Fọkanáísà tó bá ní àwọn ti ń ṣe é láìsí àgò látọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Lọ́rì yìí lè ju tọ́ọ̀nù 4 lọ lófìfo. Jáàkì ń gbé e sókè lásán ni, kì í ṣe òun ló ń gbà á dúró. Ìdúró irin tó lè ru tọ́ọ̀nù 5 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin, lórí kọnkéré. Búlọ́ọ̀kù ilé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìṣe ìkìlọ̀.

Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó tú u

Ẹ ya gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ gbé rúlà sí i kí ìwọ̀n lè hàn. Lára ilẹ̀kùn, iwájú àti ìdí ọkọ̀ ni nọ́ńbà àtijọ́ sábà máa ń wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ fi sáńpépà 400 tó tutù ha ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà 800, ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà bá ti yọ, ẹ dúró, ẹ yà á, ẹ fi pépà tó mọ́ gaara da àwòrán rẹ̀ kọ. Pánẹ́bítà tó bá fi gíráíńdà bẹ̀rẹ̀ ti pa ìtàn ọkọ̀ náà rẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì sí ibi tẹ́ ẹ ti lè rà á padà.

Bóòtù ló ń jẹ àsìkò jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ojú rẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì tó ń wọ ìpẹtà sí i ní alẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, ẹ fi òòlù kékeré gbá orí rẹ̀ kí ọ́ìlì lè wọlé. Bí kò bá tú, ẹ fi iná gáàsì gbóná nọ́ọ̀tì, kì í ṣe bóòtù, kí ẹ sì fi àbẹ́là kàn án bó ṣe ń tutù. Ìda yóò yọ́ wọ inú okùn rẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí ara bóòtù po. Ẹ má ṣe èyí nítòsí tánkì tàbí páìpù epo.

Sípánà tí kò bá bóòtù mu náà ń bà á jẹ́ láìjẹ́ pé ìpẹtà mọ̀ sí i. Ọkọ̀ Jámánì ń lo mílímítà: 13, 17, 19 ló pọ̀ jù. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń lo íǹṣì. Sípánà 13 ń bá 1/2 íǹṣì lọ nítorí 12.7 mílímítà ni, 19 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 3/4 dọ́gba. Ṣùgbọ́n 9/16 jẹ́ 14.3: 14 ò ní wọ̀ ọ́, 15 yóò wọ̀ ọ́ ní ìrọ̀rùn, yóò sì yí orí rẹ̀ di róbótó. Ẹ ra sẹ́ẹ̀tì sípánà oní-íǹṣì kan. Okùn bóòtù náà ò jọra. Bóòtù oní-mílímítà 8 yóò wọ ihò 5/16 íǹṣì fún ìyípo díẹ̀, yóò dà bíi pé ó ti mú, lẹ́yìn náà ni yóò fa okùn inú rẹ̀ ya. Bó bá ti ń le lẹ́yìn ìyípo méjì tí ọwọ́ nìkan ṣe, ẹ yọ ọ́, ẹ wá èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì, ní ṣókí

Bó bá ti gan, ẹ má fi sítátà tì í, ẹ má sì fa ọkọ̀ pẹ̀lú okùn nínú gíà. Bí omi bá wà lórí písítìnì, apá rẹ̀ ni yóò tẹ̀. Ẹ yọ ínjẹ́ktọ̀ tàbí púlọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì àti àsétóònù tẹ́ ẹ pò ní ìdajì sí ìdajì sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ṣíbí ìmùkọ méjì ti tó. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, jìnnà sí iná, kí ẹ wá fi ọ̀pá gígùn yí bóòtù iwájú kíráńkì lọ síwá, sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti yí po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fa ohun tó kù nínú sílíńdà jáde kí ẹ tó dé e.

Fún èyí tó máa ṣiṣẹ́, ààyè fáàfù OM352 nígbà tó tutù jẹ́ mílímítà 0.20 fún ti ìfàwọlé, 0.30 fún ti ìtúsíta. Bí sílíńdà ṣe ń gbiná tẹ̀ léra ni 1-5-3-6-2-4. Páìpù rọ́bà bíréèkì àti rọ́bà inú sílíńdà rẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn, kódà èyí tó dára lójú. Omi bíréèkì DOT 4 máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ tí kì í rìn púpọ̀ yóò fi dípẹtà nínú bí ẹ ò bá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì.

Fún èyí tó máa dúró, ẹ da gbogbo epo nù, ẹ tú omi rédíétọ̀, kí ẹ sì ṣí kọ́ọ̀kì ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, torí ti rédíétọ̀ nìkan kì í fa omi inú blọ́ọ̀kù tán. Ṣíbí ọ́ìlì tuntun kan nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dé e. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin dí ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì àti ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, àgbọ́n àti alángbá ò ní dúró dè yín.

Tánkì pẹtiróòlù: wẹ́dà kankan kò gbọ́dọ̀ fi iná kàn án, ì báà ti gbẹ fún ọdún 20. Atẹ́gùn epo máa ń kù sínú ojú ìsopọ̀ irin rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra. Bó bá jò, ọkọ̀ ìpàtẹ ò nílò kó dì. Ẹ fi sílẹ̀ ní gbígbẹ kí ẹ sì gbé e padà sáyè rẹ̀.

Ìpẹtà

Ẹ fi òòlù kékeré gbá gbogbo ara rẹ̀. Ibi tó bá dún gan-an yè. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá kú, ẹ fi skúrú díráfà gún un: bó bá wọlé, gígé ni ìpín rẹ̀. Àwọn ibi tí kì í ṣaláì bàjẹ́ ni ilẹ̀ kábíìnì lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà, ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú níbi tí rọ́bà ti sán, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àti ibi tí ara ẹ̀yìn ti jókòó lé ṣáásì, torí pákó tó wà láàárín wọn ń mu omi òjò láti Ẹ̀rẹ́nà títí dé Ọ̀wàrà.

Lára Land Rover, ibi tí irin ti fara kan alumíníọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ wò. Bí omi bá wà láàárín wọn, alumíníọ́ọ̀mù a di ìyẹ̀fun funfun. Nígbà ìtòpọ̀, ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ tàbí ọ̀dà ìpìlẹ̀ nípọn ya wọ́n sọ́tọ̀.

Fífi atẹ́gùn fẹ́ yanrìn lu irin dára fún ṣáásì àti ríìmù. Fún ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ó máa ń gbóná irin, a sì lọ́. Yanrìn odò pẹ̀lú kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìṣeé tún ṣe, ìbòmú aṣọ ò gba èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kékeré, bíi ìdè pákó, ìkọ́ kánfáàsì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn, iná mànàmáná ló ń yọ tiwọn jù lọ. Dúrọ́ọ̀mù ike, omi, ṣíbí ńlá kan sóódà ìfọṣọ fún lítà 4 omi (kì í ṣe sóódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ìyẹn ń jẹ ara). Ẹ so ọwọ́ òdì ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì, 12 fóòtì, mọ́ irin tó dípẹtà. Ẹ so ọwọ́ rere mọ́ irin àlòkù tẹ́ ò nílò mọ́. Kí méjèèjì má kan ara wọn. Bẹ́ ẹ bá ti méjèèjì bọ omi náà tẹ́ ẹ sì tanná, ìpẹtà gbogbo yóò rọ̀ dúdú ní wákàtí 12 sí 24, irin tó yè ò sì ní jẹ. Ẹ má lo sítéènlẹ́ẹ̀sì, májèlé ló ń tú sínú omi náà. Ẹ má fi alumíníọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, yóò yọ́. Gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, torí haidirójìn ń jáde níbẹ̀, iná sìgá lè bú u. Bí ẹ bá yọ irin náà, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ gbẹ ẹ lójú kan náà, kí ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà. Tó bá di ọjọ́ kejì nínú òjò, ó ti tún pọ́n.

Ibi tó lu, ẹ gé e títí dé irin tó mọ́, íǹṣì kan kọjá ibi tó bàjẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù n'Íbàdàn, láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ni lílẹ páànù tuntun lé ìpẹtà lórí kí wọ́n sì fi pọ́tì dí i. Omi yóò dúró láàárín páànù méjèèjì, ọ̀dà yóò wú kí òjò ọdún kejì tó parí. Irin gééjì 18 ló bá kábíìnì mu. Kí wẹ́dà fi àmì kéékèèké jó o, íǹṣì kan síra, kó kọjá sí apá kejì kí apá kìíní tutù, kó tó padà wá dí ààyè wọn. Ẹni tó bá fà á gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, páànù náà yóò lọ́.

Kí ọ̀dà tó dé, ẹ lu ihò mílímítà 10 sí ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ilẹ̀ kábíìnì, àpótí irinṣẹ́ àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ṣáásì tó jẹ́ àpótí, ẹ fọ́n ọ́ìlì tuntun tẹ́ ẹ fi gíríìsì mú nípọn. Ọ́ìlì àlòkù ní ásíìdì nínú. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ń jẹ irin.

Ọ̀dà

Oṣù tó dára jù n'Íbàdàn ni ìparí Ọ̀wàrà títí dé ọ̀sẹ̀ kejì Bélú: òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ò sì tíì gbé eruku dé. Nínú òjò, afẹ́fẹ́ tútù a máa sọ ọ̀dà di funfun bí tínà ṣe ń gbẹ. Nínú ọyẹ́, eruku a lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ kùn ún nínú ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀, ẹ ta tàpólì yí i ká, kó sì parí kí agogo 10 àárọ̀ tó lù. Irin tí àtẹ́lẹwọ́ ò lè dúró lé lórí ti gbóná jù. Ọ̀dà yóò gbẹ kó tó tẹ́, ojú rẹ̀ a sì le gbàràgbàrà.

Ọkọ̀ tó ń ru ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin, pẹ̀lú ṣáásì, ẹ ṣírò rẹ̀ sí bíi mítà onígun 60. Lítà kan ọ̀dà ń kárí bíi mítà 6 pẹ̀lú gọ́ọ̀nù, torí púpọ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìpele méjì á gba lítà 20, ìyẹn gálọ́ọ̀nù 5 irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Lítà 10 fún ọ̀dà ìpìlẹ̀. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ike ńlá kan, nítorí àwọ̀ ewé tí wọ́n pò lónìí kì í bá ti ọ̀la dọ́gba.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy alágolo méjì ló ń di irin mú jù. Pupa tí wẹ́dà ń kun sí géètì ń jẹ́ kí omi kọjá. Ẹ má gbà kí oníṣẹ́ fi pẹtiróòlù dípò tínà. Ọ̀dà yóò dùn ún wò lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, yóò ti máa yọ ìyẹ̀fun sọ́wọ́.

Ní ti dídán, àríyànjiyàn pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rò pé gbogbo lọ́rì sọ́jà gbọ́dọ̀ ṣú. Ewéko dúdú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò láwọn ọdún 1950 sí 1960, nọ́ńbà 224 nínú BS 381C, ìwé tí wọ́n to àwọ̀ ọ̀dà sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán gbinrin. Ti ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà 285, ló ṣú. Ohun tẹ́ ẹ rí nígbà tẹ́ ẹ ń ha ni kó pinnu, kì í ṣe ohun tí oníbàárà rí nínú fíìmù. Nọ́ńbà àti lẹ́tà, búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi kọ ọ́ láti inú àwòrán tẹ́ ẹ dà kọ. Sítíkà ń ṣí lójú oòrùn.

Pákó, kánfáàsì, iná

Pákó igi apá, íǹṣì kan nípọn, láti ọ̀dọ̀ onípákó ní Bódìjà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òrùlé kí ẹ tó gé e, ẹ fi Solignum kun gbogbo ojú rẹ̀ títí kan ẹnu ibi tẹ́ ẹ gé, torí ẹnu yẹn ni ikán àti omi ń gbà. Ẹ fi mílímítà 5 sí àárín pákó kan sí èkejì. Kánfáàsì òwú ń súnkì: ẹ rin ín, ẹ sá a, kí ẹ tó wọn ọ́n fún ẹni tó ń rán àga ọkọ̀.

Iná, ẹ béèrè fóòtì kí ẹ tó so bátìrì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun ń lo 24, bátìrì 12 méjì tẹ̀ léra. Ẹ fi súwíìṣì ńlá sẹ́nu bátìrì, kó sì wà ní pípa tó bá ti dúró: eku ń jẹ rọ́bà wáyà, iná inú rẹ̀ ló sì ń jó ọkọ̀.

Ibi tó máa dúró

Kọnkéré tó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kan, kí omi lè ṣàn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kí ìdúró irin tẹ́ ẹ kùn ní dúdú wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí táyà kàn fara kan ilẹ̀ láìru ẹrù. Ẹ má fi ọ́ìlì pa táyà kó lè dúdú, ọ́ìlì ń rọ rọ́bà. Koríko kò dára lábẹ́ rẹ̀. Ìrì òwúrọ̀ ń ti ibẹ̀ gòkè lọ bá ṣáásì lójoojúmọ́. Ẹ ṣí gíláàsì ilẹ̀kùn ní ìwọ̀n ìka kan kí afẹ́fẹ́ lè rìn, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí àlàfo náà. Bówó bá wà fún òrùlé, òrùlé ṣáájú ọ̀dà ìpele kẹta.

Ẹ́ńjìnnì tó bá lè yí, ẹ máa fi ọwọ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì lóṣooṣù. Ní Èrèlé, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ ti wáyà bọ gbogbo ihò tẹ́ ẹ lù, torí ewé àti ilé àgbọ́n máa ń dí wọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ da korobá omi kan sílẹ̀ kábíìnì. Bí omi náà ò bá tán ní ìṣẹ́jú kan, ihò kan ṣì wà tó dí.